Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìtàn Ọkọ̀ AWD àti Ohun Tó Yẹ Kí Olùra Tòkunbọ̀ Yẹ̀ Wò

Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òkèèrè, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e la òkun kọjá wá sílé, ni Yorùbá ń sọ ní Tòkunbọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ènìyàn nìkan ni orúkọ yìí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ó kúrò lára ọmọ, ó di orúkọ ọjà. Ọkọ̀ àlòkù, fíríìjì àlòkù, táyà àlòkù, gbogbo wọn di tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ ajé ló bí ìyípadà náà.

Ní ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen sì ń to tirẹ̀ ní Èkó. Láyé ìgbà náà, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó rí owó yá níbi iṣẹ́ lè ra ọkọ̀ tuntun, kó sì máa san owó náà díẹ̀díẹ̀. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun sì fò kọjá ohun tí owó oṣù lè ká. Láti ìgbà náà ni ojú ará ìlú ti wà lára ọkọ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lò. Ọkọ̀ ń ti èbúté Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m bọ̀ wá sí Kútọnu àti Èkó. Orúkọ ilẹ̀ náà wọ ẹnu àwọn oníspéàpáàtì débi pé títí di òní, ẹ́ńjìnnì tàbí gíà àlòkù tó ti òkè òkun dé ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m, ìbáà jẹ́ Jàpáànù ni wọ́n ti tú u.

Òwò náà kò kéré. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ní 2020 pé láàrin 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, tí nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, èbúté nìkan ni wọ́n ní kó máa gbà. Síbẹ̀ ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí jíìpù kò dín kù. Ọ̀pọ̀ nínú jíìpù wọ̀nyí ni wọ́n kọ AWD tàbí 4WD sí lẹ́yìn, ìyẹn ni pé agbára ẹ́ńjìnnì ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìtàn. Nítorí yìnyín ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà àti Kánádà fi ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á ní Ìbàdàn tàbí Ẹdẹ kò ní rí yìnyín, àmọ́ òun ló máa jogún gíà, ọ̀pá àti eyín irin tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó ìpìlẹ̀ ilé lè bá a lọ. Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi agbára ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rin láti ayé dé ayé yóò mọ ibi tí àìsàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sá pamọ́ sí.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí àwọn aṣèdá ọkọ̀ dojú kọ ni ti ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Ẹsẹ̀ tó wà ní ìta kọ́nà ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Bí a bá so méjèèjì mọ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, ọ̀kan yóò máa wọ́ èkejì. Ní nǹkan bí 1828, Onésiphore Pecqueur, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣe aago, gba ìwé ẹ̀rí lórí àkójọ eyín irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjì yí ní ìwọ̀n ìyára tó yàtọ̀ síra. Òun ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní dífárẹ́ńṣà. Nígbà tí agbára bá wá ń lọ sí iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣòro náà di méjì, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú pẹ̀lú kì í rin ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀yìn ní kọ́nà. Ní 1903, ilé-iṣẹ́ Spyker ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì gbé ọkọ̀ ìdíje kan jáde tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó ń ṣe irú ọkọ̀ yìí ló ní láti dáhùn ìbéèrè kan: kí ni yóò máa gba ìyàtọ̀ tó wà láàrin iwájú àti ẹ̀yìn mọ́ra?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó tàn ká ayé wá láti ojú ogun. Láti 1941, ilé-iṣẹ́ Willys àti Ford ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ kékeré fún àwọn ọmọ ogun, ó sì lé ní 600,000 tí wọ́n ṣe kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí. Jeep ni wọ́n pè é, orúkọ náà ni Yorùbá sì sọ di jíìpù, tí a fi ń pe gbogbo ọkọ̀ gíga lónìí. Land Rover tẹ̀ lé e ní 1948, Toyota sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1951, èyí tó di Land Cruiser. Nínú Jeep ogun náà, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, nígbà tó bá wọ ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn. Kò sí ohun tó ń gba ìyàtọ̀ mọ́ra láàrin wọn. Nínú ẹrẹ̀, táyà lè yọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà a sì bá a lọ. Lórí títì ọ̀dà, táyà kì í yọ̀, nítorí náà irin ló ń jìyà.

Ọ̀pọ̀ Hilux àti Land Cruiser àtijọ́ ṣì ń lo ọ̀nà yìí. Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé lífà rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ó wá ilẹ̀ iyanrìn tàbí ilẹ̀ pupa, kí ó ki í sí 4H, lẹ́yìn náà kí ó dá ọkọ̀ dúró kó tó ki í sí 4L. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ fa láìsí pé gíà ń fò padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, kí ó dá a padà sí 2H, kó yí stíárìn dé òpin lórí ilẹ̀ líle. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń há bí ẹni pé wọ́n tẹ bíréèkì fún un, a jẹ́ pé iwájú kò tíì já kúrò lára ẹ̀yìn. Irú ọkọ̀ tí wọn kò ti ki 4WD rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sábà máa ń ní rọ́bà tó ti gbẹ, tó sì ń jo epo níwájú.

Ìdáhùn kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, títí kan orí títì. Harry Ferguson, ọmọ Ireland tó di olókìkí nídìí ṣíṣe katakata, ló ná owó àti ọdún rẹ̀ lórí ìmọ̀ yìí. Ó kú ní 1960, kó tó rí èso rẹ̀. Ní 1966, ilé-iṣẹ́ Jensen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ìmọ̀ náà nínú ọkọ̀ Jensen FF, àmọ́ 320 péré ni wọ́n ṣe nítorí ọ̀wọ́n rẹ̀. Range Rover tẹ̀ lé e ní 1970 pẹ̀lú dífárẹ́ńṣà kẹta ní àárín. Ní 1980, Audi gbé Quattro jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Geneva, ọdún kan lẹ́yìn náà sì ni Michèle Mouton fi irú rẹ̀ gbégbá orókè nínú ìdíje Sanremo, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó borí nínú ìdíje ráálì àgbáyé. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ti ń wá AWD tirẹ̀.

Láàrin àkókò yìí ni ohun kan wọlé tí ọ̀pọ̀ olùra tòkunbọ̀ kò mọ̀ pé ó wà. Ọkọ̀ Eagle tí ilé-iṣẹ́ AMC ti Amẹ́ríkà ṣe fún ọdún 1980 ní agolo irin kan tí wọ́n pa dé, tó kún fún epo sílíkónì àti ọ̀pọ̀ àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń yí bákan náà, epo náà á máa ṣàn jẹ́jẹ́. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju èkejì lọ, epo náà á gbóná, á le, á sì so wọ́n pọ̀. Lexus RX 300 tó jáde ní 1998, tí ọ̀nà wa kún fún, lo irú agolo yìí. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná: ooru ni agolo yìí fi ń ṣiṣẹ́, ooru náà ló sì ń pa á. Bí epo inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ó lè le pátápátá kó máa há ọkọ̀ ní kọ́nà, ó sì lè ṣàn jù kó má so ohunkóhun mọ́. A kì í tún un ṣe, pípààrọ̀ ni.

Ohun tó ń yára pa á jù ni táyà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní okùn tí a fi wọn àyíká táyà iwájú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 210, tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 208 nítorí pé ó ti jẹ ju ti iwájú lọ. Láti Èkó dé Ìbàdàn, nǹkan bíi kìlómítà 127, táyà ẹ̀yìn yóò fi nǹkan tó súnmọ́ 600 ìgbà yí ju ti iwájú lọ. Gbogbo ọ̀nà náà ni agolo àárín yóò fi máa rò pé ọkọ̀ wà nínú yìnyín. Ìdí nìyí tí Subaru fi sọ pé ìyàtọ̀ àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin ínṣì lọ. Ní ilẹ̀ wa, tí táyà kan bá bẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni a sábà máa ń rà, táyà àlòkù sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, kí olùra tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì wo bí ojú wọn ṣe jẹ tó. Bí wọ́n bá jẹ́ oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, táyà ti sọ ìtàn gíà.

Ìdáhùn kẹta ni ti ọkọ̀ tó ń wakọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú, tó sì ń pe ẹ̀yìn nígbà tó bá nílò rẹ̀. Honda CR-V tó jáde ní Jàpáànù ní 1995 lo ọgbọ́n yìí. Ó fi ẹ̀rọ méjì tó ń fa epo sínú dífárẹ́ńṣà ẹ̀yìn: ẹsẹ̀ iwájú ń yí ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí èkejì. Bí wọ́n bá ń yí bákan náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí iwájú bá yọ̀, epo á ta, á sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó so ẹ̀yìn mọ́ ọn. Epo pàtàkì tí Honda ṣe fún un ni ó gbọ́dọ̀ máa mu. Bí ẹnikẹ́ni bá da epo gíà lásán sí i, tàbí tí epo rẹ̀ bá ti gbó, ọkọ̀ náà á máa kùn, á sì máa gbọ̀n láti ẹ̀yìn nígbà tó bá ń yí kọ́nà tóóró. Inú rere rẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, dída epo tó tọ́ sí i ń dá ariwo náà dúró. Olùra tó mọ èyí lè fi dín owó ọkọ̀ kù, ẹni tí kò mọ̀ lè sá fún ọkọ̀ tó dára.

Ìdáhùn kẹrin ni ti kọ̀ǹpútà. Láti 1998, ẹ̀rọ Haldex, tí orísun rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Sweden, wọ inú Audi TT àti Volkswagen Golf, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ìgbà tí agbára máa dé ẹ̀yìn. Irú èyí ni ó ṣòro jù láti mọ àìsàn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń fa epo rẹ̀ bá kú, ọkọ̀ náà lè máa fi ẹsẹ̀ iwájú rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ariwo kankan. Fún irú rẹ̀, kí olùra mú ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà lọ, kí wọ́n sì ka ibi tí wọ́n kọ ti AWD sí, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì nìkan. Kí ó ṣọ́ra bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn kóòdù rẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì wọ iyanrìn, kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bóyá ó ń ti ọkọ̀ tàbí ó kàn ń tẹ̀ lé iwájú.

Ohun tí ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí fi kọ́ ni ni pé àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nínú ọgbà ọkọ̀ kò dé ibi tí àìsàn wà. Wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n á tan éèsì, wọ́n á fọwọ́ ra ara ọ̀dà, wọ́n á sì ní ó dára. Gíà, ọ̀pá àti dífárẹ́ńṣà wà lábẹ́, níbi tí aṣọ funfun kì í dé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n wá níbẹ̀ ni pùròpẹ́là fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn. Àwọn kan a máa yọ ọ́ kúrò tí agolo àárín tàbí dífárẹ́ńṣà ẹ̀yìn bá ti bàjẹ́, kí ariwo lè dákẹ́, àmì AWD á sì wà lára ọkọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó rà á san owó ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó gbé ẹsẹ̀ méjì lọ sílé. Nínú ọkọ̀ tó ní dífárẹ́ńṣà àárín, yíyọ ọ̀pá náà tún ń fi ìnira kún ohun tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wo rọ́bà tó bo CV joint, bóyá ó ti ya tí gírísì sì ti tàn ká. Kí wọ́n wo bóyá epo ń jo lẹ́gbẹ̀ẹ́ dífárẹ́ńṣà. Kí wọ́n tú díẹ̀ nínú epo náà: bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni omíyalé bá ní Amẹ́ríkà nígbà ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012 àti Harvey ní 2017, a sì lè fọ tìmùtìmù ọkọ̀ mọ́ ju bí a ṣe lè fọ inú dífárẹ́ńṣà lọ. Ó yẹ kí wọ́n fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ yẹ ìtàn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ọkọ̀ AWD tí wọ́n fà lójú títì pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì nílẹ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá lè ti ba agolo tàbí kílọ́ọ̀ṣì àárín rẹ̀ jẹ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Lẹ́yìn abẹ́ ni etí. Kí olùra fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, kí gíà àti epo rẹ̀ lè gbóná, nítorí pé àìsàn púpọ̀ kì í yọjú nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Kí ó pa rédíò, kí ó yí stíárìn dé òpin sí ọ̀tún àti òsì, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ariwo tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ ní kọ́nà ń tọ́ka sí CV joint. Gbígbọ̀n tàbí híhá ní kọ́nà ń tọ́ka sí agolo tàbí kílọ́ọ̀ṣì àárín. Bí gíà bá ń gbá gbì nígbà tó bá bọ́ láti D sí R, ó lè jẹ́ oríkèé pùròpẹ́là ló jẹ, ó sì lè jẹ́ rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Kí mẹ́káníìkì fọwọ́ mi ọ̀pá náà láti mọ ọ̀kan yàtọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń han tí ohùn rẹ̀ ń yí padà bí a ti ń tẹ súrọ́tù tí a sì ń fi í sílẹ̀, dífárẹ́ńṣà ni kí a fura sí. Bí ohùn náà bá ń yí padà bí ọkọ̀ ti ń tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, bíárìn ẹsẹ̀ ni. Bí gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí ìyára bá ti ga, kí wọ́n padà lọ wo bíárìn tó gbé pùròpẹ́là dúró láàrin, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i pé táyà kò ní àléébù.

Oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí irú àyẹ̀wò yìí. Ẹni tó bá sọ pé kí olùra má gbé ọkọ̀ sókè, tàbí tó ní ọjà òun kì í pẹ́ nílẹ̀, ti fúnni lésì. Ó dára kí mẹ́káníìkì tí olùra mú lọ má jẹ́ ẹni tí oníṣòwò náà dárúkọ fún un, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ yálà wọ́n ra ọkọ̀ náà tàbí wọn kò rà á, kí ó má bàa jẹ́ pé kìkì tí ọjà bá tà ni yóò tó jẹun. Owó kékeré ni ní ẹ̀gbẹ́ ohun tí ń bẹ níwájú. Bí dífárẹ́ńṣà tàbí gíà bá kú lẹ́yìn oṣù kan, Ládípọ̀ ni wọ́n máa gbà lọ, Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n sì máa rà níbẹ̀: àlòkù tí wọ́n fi rọ́pò àlòkù, tí òun pẹ̀lú ní ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Àwọn Yorùbá tó kọ́kọ́ pe ọkọ̀ àlòkù ní tòkunbọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ tó ti òkun bọ̀ kì í dé lófìfo. Ó ti kọ́ ìwà kan, ó ti jẹ oúnjẹ kan, ó sì ti ṣe àìsàn kan kó tó dé. Ẹbí ọlọ́gbọ́n a máa béèrè wọn kí wọ́n tó ki i káàbọ̀. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ìgbà tí owó ṣì wà lápò olùra ni ìbéèrè ní agbára. Bí ó bá ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò, àròyé ló kù.